Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Létí Òkun

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ẹni tó bá fẹ́ sọ àbọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìyókù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ní Ararọ̀mí àti gbogbo etíkun Ìlàjẹ, níbi tí apẹja ti ń gbéra lọ sójú òkun, àgbà tí wọ́n bá rán pé kó túfọ̀ kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ké e síta. Á wọlé, á jókòó, á béèrè àwọn ọmọ. Á ní, “Ìyàwó wa, ara ọkọ rẹ ò yá díẹ̀.” Ẹnì kejì á wọlé, ẹnì kẹta á tún yọjú. Ẹnìkan á rọra gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Kí wọ́n tó dárúkọ ikú, obìnrin náà ti mọ̀. Irọ́ kọ́ ni “ò yá díẹ̀” yẹn; wọ́n fi ń wá àyè fún ọkàn rẹ̀ ni. Ó dùn mí pé lóde òní, àwòrán òkú ti ń dé orí WhatsApp kí àgbà tó dé ẹnu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí ọba Ìlàjẹ kan, Olúgbò tàbí Amapetu, bá wàjà, kò sẹ́ni tó ń wo òkè àjà. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná ń jà, “ilẹ̀ gbóná” ni wọ́n ń pè é, aládùúgbò á sì mọ ilé tí kò gbọdọ̀ yà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ àwọn àgbà kan ò tíì dárúkọ rẹ̀ dòní.

Orúkọ ìlú pàápàá ń sọ ju ohun tó wà lójú rẹ̀ lọ. Àdúrà ni Ararọ̀mí, àdúrà ni Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí owó wọn ń wọ àpò kan ṣoṣo nígbà náà. Òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ ní Ayétòrò báyìí. Ọmọ Ìlàjẹ gbọ́ orúkọ náà, ó ṣe àmín sí i pẹ̀lú omijé. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́ tàbí Àbújá gbọ́ ọ, ó rò pé ayé tòrò lóòótọ́.

Ìyókù ọ̀rọ̀ kò sí lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sí ìjọba, ẹ má kọ ọ́ pé “omi ń yọ wá lẹ́nu díẹ̀.” Ẹ kọ ọ́ pé òkun wó ilé. Ẹ ka àwọn ilé náà, kí ẹ sì kọ orúkọ àdúgbò àti ọjọ́ tí wọ́n wó.