Ìtàn Ọkọ̀ Náà Wà Lára Ọjà

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń ta ọkọ̀ onígbòkun àlòkù, tí kì í sì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀, kò ní ẹrù púpọ̀ lọ́rùn lábẹ́ òfin. Òfin ọjà títà ti ọdún 1979 ní ohun tó bá sọ nípa ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá a mu, ṣùgbọ́n oníṣòwò nìkan ni ó gbé ẹrù dídára ọjà lé lórí. Bí ọlọ́kọ̀ bá dákẹ́, tí oníbàárà kò sì béèrè, dídákẹ́ rẹ̀ kì í sábà di ẹjọ́. Ṣé kì í wá ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níwájú Ọlọ́run? Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ìgbòkun tó gbó, okùn tó ń já, ọ̀dà tó ṣí, ojú ń rí gbogbo wọn. Ẹni tó ń rà ní ojú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àlébù mìíràn wà tó jẹ́ pé inú ìrántí ọlọ́kọ̀ nìkan ló ń gbé. Bí ọkọ̀ bá fìdí gbá àpáta, irin wúwo abẹ́ rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dà á dé, lè mi ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ ara ọkọ̀. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á kùn ún lọ́dà, ojú kò ní rí nǹkan kan mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, irin abẹ́ ọkọ̀ Cheeki Rafiki já lórí òkun Àtìláńtíìkì nígbà tó ń ti Antigua bọ̀ ní Southampton, àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì bá omi lọ. Àwọn olùṣèwádìí ìjọba kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí bí ọkọ̀ náà ṣe ti fìdí gbá ilẹ̀ sẹ́yìn, àti àtúnṣe tó tẹ̀ lé e, ti sọ ibi ìsopọ̀ náà di aláìlágbára. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni tan àwọn mẹ́rin náà jẹ. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ sẹ́yìn ṣe lè pààyàn.

Wọ́n á ní ṣebí oníbàárà lè gba ẹni tó mọ ọkọ̀ yẹ̀ wò. Ó yẹ kó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni náà kì í tú ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ palẹ̀. Òòlù kékeré ni ó fi ń kan án, ó sì ń fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rinrin ara rẹ̀. Òòlù kò lè bi ọkọ̀ léèrè ọdún tó gbá àpáta. Ọlọ́kọ̀ mìíràn á ní òun ti sọ pé bó ṣe wà ni òun ń tà á, pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Inú ẹni tó ti ní ààbọ̀ kejì lọ́wọ́ ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń di odidi. Níbo ni àlejò yóò ti rí i?

Àtakò tó le jù ti pẹ́. Cicero, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ ọ́ ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi pé Diogenes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Bábílónì, ní dídákẹ́ yàtọ̀ sí fífi nǹkan pamọ́. Antipater, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ta kò ó. Mo gbà fún Diogenes níbì kan: n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìròyìn iye tí ọjà yóò jẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ inú ọkọ̀ kì í ṣe ìròyìn ọjà, ara ohun tí a ń tà ni. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ nípa ọkà tí Ànábì tọwọ́ bọ̀ lọ́jà, tó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́jà náà kò purọ́ kankan. Ó kàn jẹ́ kí gbígbẹ wà lókè ni. Síbẹ̀, ẹ̀tàn ni Ànábì pè é.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, ni àwọn kan á wí. Lóòótọ́, owó ọkọ̀ náà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ̀ gbá àpáta ni ọlọ́kọ̀ ti pàdánù owó yẹn. Bó bá dákẹ́, ṣe ló ń gbé àdánù ara rẹ̀ ka orí ẹlòmíràn, ẹni tí yóò gbé aya àtọmọ sínú ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tó gbá àpáta, ibi tó ti gbá a, àti ẹni tó tún un ṣe, kí ẹ sì fi ìwé náà lé oníbàárà lọ́wọ́ kó tó sanwó.