Bíréèkì tí ń Rì: Ǹjẹ́ Àléébù tí Kò Tíì Pa Ẹnikẹ́ni Lára Yẹ ní Sísọ?

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan ni ó fa ọ̀rọ̀ tòní. Arákùnrin wa kan tí ń fi ọkọ̀ gbé èrò ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó bi mí. Ọkọ̀ oníná mànàmáná ni ó ń wà, irú èyí tí kì í mu epo. Ó ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí bíréèkì rẹ̀ ti rọ̀. Bí òun bá tẹ̀ ẹ́, yóò rì wọlẹ̀ kí ó tó mú. Síbẹ̀, ọkọ̀ náà ń dúró níbi tí òun bá fẹ́ kí ó dúró. Ó ti rí ẹni tí yóò rà á, ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ó wá ní: "Ààfáà, ṣé dandan ni kí n sọ fún un? Àléébù náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí."

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, nítorí ìdájọ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú, ìméfò ni.

Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ oníná fi ń dúró. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mọ́tọ̀ tí ń yí táyà yóò di jẹnẹrétọ̀: yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, yóò sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Èyí ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìdádúró lójoojúmọ́. Ọ̀nà kejì ni bíréèkì tí gbogbo wa mọ̀: ọ́ìlì yóò gbé agbára ẹsẹ̀ wa gba inú páìpù dé ìdí táyà, páàdì yóò sì fún dísìkì mọ́ra. Bí ewu bá dé lójijì, èyí kejì ni a gbójú lé. Bí bátìrì bá sì kún fọ́fọ́, tàbí tí òtútù mú un púpọ̀, ìrànlọ́wọ́ mọ́tọ̀ yóò dín kù, nítorí iná tí ó ń dá padà kò rí àyè wọlé.

Ẹ ò rí i pé ọkọ̀ yìí lè máa dúró dáadáa fún ìgbà pípẹ́, kí bíréèkì rẹ̀ sì ti bàjẹ́? Mọ́tọ̀ ni ó ń bo àṣírí. Ọjọ́ tí ọmọdé bá já lu títì ni àṣírí yóò tú.

Kí ni ó ń mú bíréèkì rọ̀? Èkíní, afẹ́fẹ́ lè wọ inú páìpù ọ́ìlì. Ọ́ìlì kì í súnkì bí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa súnkì. Èkejì, ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bí a lo ọkọ̀, bí a kò lò ó. Òṣùwọ̀n ọ́ìlì tí a ń pè ní DOT 4 béèrè pé bí ó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 Celsius. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ dé àyè kan, 155 péré ni a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá hó, ó di oru, bíréèkì a sì rì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bíi ọdún méjì-méjì. Ẹ̀kẹta, ọ́ìlì lè máa jò, tàbí kí rọ́bà inú másítà bíréèkì ti jẹ.

Bí a ṣe ń wádìí rẹ̀ nìyí. Kí ọkọ̀ wà lójú kan. Kí a wo ike ọ́ìlì bóyá ó ti dín kù, kí a sì wo ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ọ́ìlì ń jò níbẹ̀. Kí a tẹ bíréèkì léraléra: bí ó bá ń le sí i, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí a sì dúró: bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, kí a fura sí jíjò tàbí másítà. Nínú àwọn ọkọ̀ oníná kan, kọ̀ǹpútà ni ó wà láàrin ẹsẹ̀ àti bíréèkì. Mẹkáníìkì tí ó mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ó fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Wáyà aláwọ̀ ọsàn inú rẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ kàn, iná tí ó lè pani ni ó ń gbé. Kí a má sì kàn bu ọ́ìlì kún un kí a máa lọ. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, ìbora ni.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀sìn. Imam Muslim gbà á wá pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tí ó kó oúnjẹ jọ gègèrè. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọ̀rinrin kan ìka rẹ̀. Oníṣòwò ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára àwọn tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe oníṣòwò náà ni ó rọ òjò. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó fi gbígbẹ bo tútù, gẹ́gẹ́ bí mọ́tọ̀ ṣe ń bo bíréèkì.

Ẹlòmíràn lè wí pé kí ẹni tí ń ra ọjà mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí olùrà là kò pa gbèsè òtítọ́ tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ń tà. Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́hun ni olùṣọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ànábì kọ́ wa pé kí á so ràkúnmí kí á tó gbára lé Ọlọ́hun. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ Toyota pe ọkọ̀ tí ó lé ní 400,000 padà, tí Prius wà lára wọn, nítorí bíréèkì tí ń ṣe ségesège lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Bí oníṣòwò ayé bá lè jẹ́wọ́ àléébù ọjà rẹ̀, mélòó-mélòó ẹni tí ń kírun márùn-ún lójúmọ́?

Mo wá sọ fún arákùnrin náà pé: "O bi mí nípa ẹni tí yóò ra ọkọ̀. O kò bi mí nípa àwọn èrò tí ò ń gbé láti oṣù mélòó kan wá." Ó dákẹ́. Àmánà ni èrò jẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ pé bíréèkì ń rì ni ọ̀ranyàn ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kì í ṣe ọjọ́ tí olùrà dé. Kí ó gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀, kí ó tún un ṣe. Bí yóò bá tà á, kí ó sọ ohun tí ó ṣe é fún olùrà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwa náà ńkọ́? Ìrọ̀rùn lè máa bo àléébù wa. Ẹni tí a kò tíì fi owó ṣọ́ kò tíì mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni òun. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ jẹ́ kí a yẹ bíréèkì ọkàn wa wò nígbà tí ọ̀nà ṣì dára.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a ti ipasẹ̀ wa pa ẹnikẹ́ni lára. Àmín.