Àṣírí Ta Là Ń Bò?

Kánsẹ́lọ̀ ilé-ìwé ní ìlú kékeré kò níbi tó lè sá sí. Bàbá tó ránṣẹ́ pè ní Ọjọ́bọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ, àwọn méjèèjì ni yóò jọ kírun Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá tó fẹ́ bá wí ló ń ta ata fún un, àwìn sì ni. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ yìí kò ṣeé yà kúrò lára ìmọra-ẹni bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, lọ́dún 1959, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ló fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá mọ iṣẹ́ tí wọ́n lè yàn. Lónìí, níbi tí ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ ti jìnnà, orí kánsẹ́lọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já lé: ọmọ tí kò jẹun, ọmọ tó lóyún, ọmọ tí kò rí ẹni san owó WAEC fún un. Ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ ṣì ń kọ́ kíláàsì mọ́ ọn.

Rẹ́jísítà ló sì máa ń kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ fó. Níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà ọrọọrún, ọjọ́ ọjà kì í dúró sójú kan: bó bá bọ́ sí Ajé, Ẹtì ló kàn, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì. Tíṣà tó kàn ń sàmì sí orúkọ yóò ní ọmọ tí kò wá lọ́jọ́ ọjà ń sá nílé-ìwé bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn yóò rí i pé ọmọ náà kò sá rárá, igbá ni wọ́n gbé lé e lórí. Ibẹ̀ ni pàṣán àti ìbéèrè ti yapa.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan ní JSS 2, tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí lọ ẹ̀wà àkàrà, ó sì ń sùn ní kíláàsì. Nígbà tí kánsẹ́lọ̀ béèrè àpá ọwọ́ rẹ̀, ó ní epo ló ta sí òun. Ọjọ́ kejì ló tó sọ pé ìgbákọ gbígbóná ni wọ́n fi jó òun. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún àǹtí mi. Wọ́n á dá mi padà sábúlé.” Ẹni tó wọlé wá mú ṣọ́ọ̀kì gbọ́ ọ, kí aago bíréèkì tó lù, gbogbo yàrá tíṣà ti gbọ́. Kí ilé-ìwé tó jáde, àgbà olùkọ́ kan, ìbátan ọkọ àǹtí náà, ti dé: “Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ bá wa bo àṣírí.”

Bíbo àṣírí ẹni kì í ṣe ohun kékeré lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí Ọlọ́run bò láṣírí, ọpẹ́ ló ń dá. Àmọ́ ohun méjì ló wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀kan ni ohun tí ọmọ sọ, ọmọ ló sì ni ín. Ìkejì ni ohun tí àgbàlagbà ń ṣe sí i. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí, ìkà tó ń lọ lọ́wọ́ ni. Òdìkejì la máa ń ṣe: a óò máa fi ọ̀rọ̀ ọmọ tàkúrọ̀sọ, a óò wá daṣọ bo àgbàlagbà, a óò sì pe ara wa lọ́mọlúàbí.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn alárinà bí àgbà olùkọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán o. Bí ọlọ́pàá bá ṣáájú kánsẹ́lọ̀ délé, ọmọ lè pàdánù òrùlé tó ní. Bó bá jẹ́ ọjà kíkiri àti ìdájí jíjí nìkan ni, kí kánsẹ́lọ̀ kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ kí àǹtí nílé. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ọdún 2004 ní ìbáwí ni fún òbí tí kò jẹ́ kí ọmọ lọ sílé-ìwé. Bó bá tún ṣe é, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ta ni ₦2,000 ń bà lẹ́rù? Ẹni tí kò ka kóòtù sí lè gbọ́ ti ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀, bí ọmọ bá ti gbà pé kí wọ́n bá a sọ ọ́.

Ìgbákọ gbígbóná kò sí lára ohun tí wọ́n ń fi ìlàjà parí, bíbá ọmọdé lòpọ̀ náà kò sì sí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti sọ di tiwọn, fi ire ọmọ ṣáájú, baálé kò sì lè fi obì pa á rẹ́. Wẹ́fíà gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí kánsẹ́lọ̀ sì ti bi ọmọ léèrè ohun tó wà lábúlé tó ń bà á lẹ́rù, kí wọ́n má baà yọ ọ́ nínú iná jù ú sómìíràn.

Kí ló wá yẹ kí kánsẹ́lọ̀ sọ fún ọmọ tó ní “ẹ má sọ”? “N kò ní sọ fẹ́nikẹ́ni” kọ́, irọ́ ni. Kí ọmọ tó lanu rárá ló yẹ kó ti gbọ́ ọ: “Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń ṣe ẹ́ léṣe, màá sọ fún ẹni tó lè gbà ẹ́, wàá sì mọ̀ kí n tó lọ.” Àwọn ọmọ kan á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn sàn lójú mi ju ìlérí tí a óò dà lọ.

Bí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ran irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n fi ti sẹminá sílẹ̀ ná. Kí wọ́n fún un ní yàrá tó nílẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni kò ní máa wọlé wá mú ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n sì yọ kíláàsì kúrò lọ́rùn rẹ̀.