Àgbẹ̀ Wierzchosławice Lórí Ìwọ̀n Ọmọlúàbí

Oyè kì í fún ènìyàn ní ìwà tí kò ní tẹ́lẹ̀; èyí tó wà níkùn onítọ̀hún ló máa ń gbé síta. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọlúàbí ni ẹni tí ipò gbé ga, kí a wo ohun tó ṣe nígbà tó lágbára láti ṣe ìdàkejì. Ojú yìí ni mo fi ń wo Wincenty Witos, àgbẹ̀ ilẹ̀ Pólándì.

Ọdún 1874 ni wọ́n bí i ní abúlé Wierzchosławice, sínú ìdílé àgbẹ̀ tí ilẹ̀ oko wọn kò tó nǹkan. Abẹ́ ìjọba Ọ́síríà ni agbègbè náà, tí wọ́n ń pè ní Galicia, wà nígbà yẹn. Ìwé tó kà kò kọjá ti ilé-ẹ̀kọ́ abúlé, ó sì gé igi nínú igbó ìjòyè ńlá kan láti fi jẹun. Lọ́dún 1908 ó wọ ilé aṣòfin Galicia. Nígbà tó di 1911, ó dé ilé aṣòfin Ọ́síríà ní Vienna.

Ibi yòówù tó bá jókòó, kì í so táì, bàtà gígùn àwọn àgbẹ̀ ló sì ń wọ̀, títí kan ìgbà tó di olórí ìjọba. Àmọ́ aṣọ nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni lè wọ aṣọ tálákà wá ìbò. Ohun tó mú mi gba tirẹ̀ gbọ́ ni pé kò fi oko sílẹ̀. Bí ìjókòó ilé aṣòfin bá ti parí, abúlé ló ń gbà lọ, ó ń túlẹ̀, ó sì ń ṣe olórí abúlé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní oṣù Keje 1920, nígbà tí ọmọ ogun Bolshevik láti Rọ́ṣíà ń bọ̀ wá gba Warsaw, olú-ìlú Pólándì, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ìjọba. Ó kọ̀wé sí àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dìde gba ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, Józef Piłsudski, olórí orílẹ̀-èdè, fi ìwé ìkọ̀wéfipòsílẹ̀ lé e lọ́wọ́ kó tó lọ sójú ogun. Ká ní ẹni tí ojú oyè ń pọ́n ni, ìlú ì bá ti gbọ́. Witos fi ìwé náà pamọ́, ọkàn àwọn jagunjagun kò mì, wọ́n sì ṣẹ́gun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Lọ́dún 1923, nígbà tó tún ń ṣàkóso, owó ìlú di yẹpẹrẹ, àwọn òṣìṣẹ́ sì da iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ kọlu ara wọn ní Kraków, ènìyàn kú níhà méjèèjì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó mọ ebi lábúlé ló yẹ kó mọ ebi nígboro. Mi ò lè bá a yọ èyí kúrò lọ́rùn.

Ó tún padà di olórí ìjọba ní oṣù Karùn-ún 1926; nígbà tí Piłsudski fi ìbọn gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù yẹn kan náà, òun àti Ààrẹ Wojciechowski fipò sílẹ̀ kí ogun abẹ́lé má baà jà. Ní 1930 ìjọba Piłsudski tì í mọ́ odi ológun Brześć, wọ́n dá a lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún kan ààbọ̀, ó sì sá lọ sí Czechoslovakia. Ó padà sílé ní 1939, àwọn Jámánì mú un, wọ́n ní kó wá ṣe ìjọba lábẹ́ àwọn. Ó kọ̀. Ó kú ní oṣù Kẹwàá 1945, abúlé rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Ọmọlúàbí ni mo pè é, láìfi ẹ̀jẹ̀ Kraków pamọ́. Àwọn tó ń wá ìbò wa yóò máa ka ohun tí wọ́n ti gbà fún wa. Ẹ jẹ́ ká máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti kọ̀ nítorí wa, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró.