Iṣẹ́ Ìdílé àti Orí Ẹni

Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ tí agboolé kan ń jogún láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní Ìbàdàn àtijọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tí wọ́n bí sílé alágbẹ̀dẹ kì í sanwó kó tó kọ́ṣẹ́. Ẹwìrì ni yóò kọ́kọ́ máa fín, ìgbà tí apá rẹ̀ bá le ni wọn yóò tó fi ọmọ owú lé e lọ́wọ́. Ọkọ́ àti àdá àgbẹ̀, tàkúté àti ìbọn ọdẹ, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ bó bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ Yorùbá tún sọ pé kálukú ló yan orí tirẹ̀ lọ́run kó tó wáyé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni iṣẹ́ ṣe di ti ìdílé nígbà tí orí jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Ìtàn kan nínú Odù Ogbègúndá, tí Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976, sún mọ́ ìbéèrè yìí. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń tọ̀run bọ̀: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ilé Àjàlá tó ń mọ orí ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò dúró gbàmọ̀ràn; orí tó tóbi tó wù wọ́n lójú ni wọ́n gbé, wọn ò mọ̀ pé ó ti sán. Òjò pa wọ́n lọ́nà, ó sì jẹ orí náà díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ná. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, ó sì mú owó àti iyọ̀ dání. Owó yẹn ló fi san gbèsè tó lé Àjàlá gun àjà, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì bá a yan orí tó jiná dáadáa.

Ọmọ Ògún, òrìṣà àwọn alágbẹ̀dẹ gan-an, ló gbé orí fífọ́ yìí o. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀rúnmìlà kò fún ọmọ tirẹ̀ lórí. Ìmọ̀ràn àti ohun tí yóò mú dání ló fún un. Ibi tí agbára ìdílé mọ nìyẹn.

Báwo wá ni iṣẹ́ ṣe ń di ti ìdílé? Ní 1953, olùwádìí P. C. Lloyd tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣètò ara wọn ní àwọn ìlú Yorùbá. Láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ìdílé, ìpàdé ẹbí náà ni ìpàdé oníṣẹ́. Àwọn iṣẹ́ tó tẹ̀yìn Òyìnbó dé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ Raleigh ṣe, tó ń lẹ táyà, tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò, lè ti ilé èyíkéyìí wá: ó sanwó, ó sin ọ̀gá, ó gba ìyọ̀ǹda, ó wọ ẹgbẹ́. Síbẹ̀, ọmọ ọ̀gá tó ń na sípánà sí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé kì í pẹ́ mọ iṣẹ́ náà, ìsọ̀ a sì di ti bàbá àtọmọ. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ di ti ìdílé, ìjókòó ti iṣẹ́ ni.

Ní Ọjà Ọba, níbi tí mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ńlá Ìbàdàn wà, ọ̀ràn náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Alágbẹ̀dẹ tó di Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ bọ Ògún mọ́. Ṣé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ṣì ń ṣe? Àlùkùránì kò kúkú kọ irin: nínú Súrà Sába'i, Ọlọ́run ló mú irin rọ̀ fún Ànábì Dáúdà kó lè fi ṣe ẹ̀wù ogun. Ohun tí alágbẹ̀dẹ Mùsùlùmí náà ń pè ní kádàrá yàtọ̀ sí àkúnlẹ̀yàn, ìyẹn orí tí Yorùbá ní kálukú yàn lọ́run, nítorí Ọlọ́run ló kọ ọ́, kì í ṣe èèyàn ló yàn án. Ṣùgbọ́n ẹmú kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ojú tí a fi ń mọ̀ pé irin ti pọ́n tó kò yí padà.

Nítorí náà, ìsọ̀, irinṣẹ́, oníbàárà àti orúkọ ni ìdílé lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Kò lè fi ìpín sílẹ̀ fún un. Ọmọ tó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn kò ṣẹ ilé rẹ̀. Bàbá tó fipá so ọmọ mọ́ ìsọ̀ nítorí pé wọ́n bí i síbẹ̀ ló jẹ̀bi: ó gba iṣẹ́ Àjàlá ṣe.