Àwọn Tí Ń Gbé Imú Ró

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 12:12–27

  

Bí a bá ń wàásù lórí ibi tí a kà yìí, ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti etí ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 17 dáadáa. Pọ́ọ̀lù kò dákẹ́ síbi etí. Ó fẹ́ mọ ohun tí a ó fi gbóòórùn bí gbogbo ara bá di etí tán. Imú wà níbẹ̀. A kàn máa ń sáré kọjá rẹ̀ ni. Èmi náà sáré kọjá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí imú tèmi fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọdún 2020 ni, ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì náà daṣẹ́ sílẹ̀. Alakahia ni mò ń gbé, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt. Ibà mú mi fún ọjọ́ mẹ́ta, orí fọ́ mi, ó sì lọ. Mo ti dúpẹ́ tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí ike irú tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti ilé. Ẹ mọ irú, kì í fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi imú sún mọ́ ọn, mo tún sún mọ́ ọn, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ rò pé èéfín dúdú ìlú wa ni, èyí tí ó ti ń bà lé wa lórí láti òpin ọdún 2016, tó jẹ́ pé bí o bá fi aṣọ ìnujú funfun nu imú lálẹ́, dúdú ni wàá rí. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé àmì àrùn Kòrónà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo ti kà nípa imú láti ìgbà náà. Lókè pátápátá nínú ihò imú, lábẹ́ ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù wọn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba òórùn. Ní ọdún 1991, Linda Buck àti Richard Axel ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn jíìnì tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, a sì fi Ẹ̀bùn Nobel yẹ́ wọn sí ní ọdún 2004. Jíìnì ni ìlànà tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì, tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Èyí tí ń ṣiṣẹ́ ìgbóòórùn lára ènìyàn tó bíi 400. Ti eku lé ní 1000. Ti erin sún mọ́ 2000, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi imú ṣe fáàrí níwájú erin.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo nǹkan bí 400 yìí ló wà ní pípé nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ẹyọ kan péré ni ó ń kà. Ó ti ìyókù pa, bí ẹni tí ó ni ilé oníyàrá púpọ̀ tí ó sì ń gbé inú yàrá kan. Ìyókù kò sọnù, wọ́n dákẹ́ ni. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó lè ṣí ìlẹ̀kùn bíi mélòó kan díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀kan tó borí. Bí ọ̀kan bá ti ṣí gbangba, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ránṣẹ́ pé kí a má ṣí òmíràn mọ́. Ta ni ó ń yan ọ̀kan yẹn? Àwọn onímọ̀ sọ pé lójú tiwọn, ó dà bí kèké ṣíṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti ka Òwe 16:33 mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ìdájọ́ kèké ti ń wá. Kò sì sí sẹ́ẹ̀lì kan tí ó lè dá gbóòórùn irú. Oríṣiríṣi wọn ni yóò jọ jẹ́rìí kí ọpọlọ tó pe orúkọ rẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi sáyẹ́ǹsì gbe Bíbélì lẹ́sẹ̀ o. Bíbélì kò bẹ̀ wá ní iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o wà ní ọdún kìíní, tí o wà nínú ẹgbẹ́ akọrin lónìí, tí o tún bọ́ sí ẹ̀ka ìgbálejò lọ́la, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ ní aláìdúró-sójú-kan. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ ni ọ́. Ìwọ tí o wà ní ọdún kẹrin, tí o ń ṣe ààrẹ, tí o ń ṣe akọrin, tí o ń di àpò owó mú, tí o sì fẹ́ máa wàásù ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni ó ṣòro. Mo mọ̀ ọ́, nítorí èmi náà ti jẹ́ ìwọ rí.

Nígbà tí ilé ìwé ṣí padà, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa kékeré kan ní Alakahia. Arábìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń bójú tó oúnjẹ. Kì í gbàdúrà sókè, kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rántí pé ó jẹ́rìí. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ kan, oúnjẹ pẹ́. Àlejò wa ń wo aago. Mo dìde níwájú gbogbo ènìyàn, mo ní, “Màtá ni ọ́, síbẹ̀ o ò lè se oúnjẹ tó máa jinná lásìkò.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò fèsì. Ó bu oúnjẹ fún gbogbo wa, ó fọ ìkòkò, ó sì lọ. A kò rí i mọ́.

Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, a ṣe ìṣọ́ òru. Arákùnrin kan tí kò ṣe irú rẹ̀ rí ni ó so rọ́bà mọ́ sílíńdà gáàsì, kò sì fún un le. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba ilé ìdáná kọjá lóru ọjọ́ náà, mo tilẹ̀ dúró mu omi níbẹ̀. Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn tí ń pèsè rẹ̀ ni wọ́n ń fi òórùn burúkú sí i, kí ẹni tí ó ní imú lè tètè mọ̀. Èmi kò ní imú. Mo padà síwájú, mo ń kígbe pé kí Olúwa fún wa ní ẹ̀mí ìfòyemọ̀.

Ọmọkùnrin kan, ọdún kìíní, dìde lẹ́yìn. Mo fi ojú sọ fún un pé kí ó jókòó. Kò jókòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, gáàsì ń jò.” Ìṣáná ti wà lọ́wọ́ arákùnrin tí ó fẹ́ gbé omi tíì kaná.

A ti sílíńdà náà, a ṣí fèrèsé, a jáde síta, a dúró nínú òkùnkùn. Mo ń dúpẹ́ fún imú ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń béèrè ẹni tí ó yẹ kí ó wà ní ilé ìdáná.

Ìwádìí kan jáde ní ọdún 2022 tí ó tún mú ọ̀rọ̀ yìí padà sí mi lára. Àwọn olùwádìí, tí àwọn kan nínú wọn wà ní Yunifásítì Columbia ní New York, yẹ imú àwọn tí àrùn Kòrónà pa wò, àti ti ẹranko kékeré bí eku tí a ń pè ní hamster. Wọ́n rí i pé fáírọ́ọ̀sì náà kì í sábà wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí ń gbóòórùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn ni ó ń kọlù, àwọn tí ó yí wọn ká, tí ó gbé wọn ró, tí ń tún àyíká wọn ṣe. Àwọn alátìlẹ́yìn yìí kì í gbóòórùn kankan. Ṣùgbọ́n bí jàǹbá bá ti bá wọn, ìdàrúdàpọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì ìgbóòórùn tí fáírọ́ọ̀sì kò fọwọ́ kàn. Ètò inú rẹ̀ yóò dàrú, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ó ṣí yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Jíìnì rẹ̀ wà níbẹ̀ láìyingin. Kò kàn rí i kà dáadáa mọ́ ni.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi èyí ka ẹsẹ 22 àti ẹsẹ 26. Bí wòlíì fẹ́lóṣíìpù kò bá ríran mọ́, bí ìwàásù wa kò bá lómi mọ́, a máa ń wá ẹ̀ṣẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wòlíì àti oníwàásù. Ó lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹ̀yìn. Ta ni a ti ṣe léṣe? Ẹni tí ń gbálẹ̀ kí a tó dé ńkọ́? Ẹni tí ń to àga, ẹni tí ń ru epo wá fún jẹnẹrétọ̀? Ọgbẹ́ wọn kì í dúró lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ wà ní Èkó, ní Abuja, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ń se oúnjẹ nígbà tiyín, ṣé ẹ rántí orúkọ rẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà láàárín yín, ẹ pè é lónìí.

Kí n tó ka gbogbo èyí ni mo ti lọ bẹ arábìnrin wa. Ẹ̀rù gáàsì ni ó gbé mi lọ, kì í ṣe ọgbọ́n. Ó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ènìyàn ni ẹ ti bú mi.” Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo dìde níwájú gbogbo ènìyàn kan náà, mo sọ ohun tí mo ṣe, n kò fi àwàdà bò ó.

Ó padà wá, ó ń jókòó lẹ́yìn. Ó tó oṣù méjì kí ó tó wọ ilé ìdáná. Imú tèmi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì tuntun máa ń hù níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wa, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní láti mú jíìnì tirẹ̀, kí ó sì wá ọ̀nà dé inú ọpọlọ, lọ bá àwọn tí ń ka jíìnì kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ òórùn rẹ̀ ni ẹ̀wà tí ó gbé kaná ní ọjọ́ kan, tí ó ti fẹ́ máa jóná. Kò sí nítòsí. Mo dìde, mo lọ dín iná rẹ̀ kù fúnra mi, mo sì bu omi sí i.