Kúrunmí àti ọba tó wà lórí rẹ̀

Ká ní Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ránṣẹ́ kí Adélù, Aláàfin Ọ̀yọ́ tuntun, kú oríire ní ọdún 1859, ó ṣeé ṣe kí Ìjàyè jẹ́ ìlú ńlá lónìí, kí Mọ́níyà tí ilé mi wà yìí sì jẹ́ abúlé kan lójú ọ̀nà oko rẹ̀. Kò ránṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 1862, Ìjàyè ti di ahoro. Mo ní ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ díẹ̀ létí ọ̀nà tó ti Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn, ní apá Ìjàyè. Ilẹ̀ àwọn ìyá mi ni. Bí a bá ń kọ ebè níbẹ̀, àpáàdì máa ń bá ọkọ́ jáde. Mi ò lè rí àpáàdì wọ̀nyẹn kí ìbéèrè kan má sọ sí mi lọ́kàn: ẹni tó jẹ́ olórí ìlú, tó sì ní ọba mìíràn lórí, ta ló ń jíhìn fún gan-an? Ṣé ẹni tó fi í joyè ni? Ṣé àṣà tí àwọn méjèèjì jọ bá láyé ni? Àbí Ọlọ́run?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ju ọ̀rọ̀ ìtàn lásán lọ.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Aláàfin Àtìbà kó ohun tó kù lára ìjọba lọ sí Àgọ́ Ọjà, ó sọ ibẹ̀ di Ọ̀yọ́ tuntun. Adé wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ogun ẹ̀yìn rẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn jagunjagun méjì tí apá wọn ká ilẹ̀ nígbà náà ni Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn àti Kúrunmí ní Ìjàyè. Ọgbọ́n tí Àtìbà dá ni pé ó fi oyè so wọ́n mọ́ra. Ó fi Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìbàdàn ni kó máa ṣọ́ àríwá àti ìlà-oòrùn, Ìjàyè ni kó máa ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn. Àwọn méjèèjì ò dé adé. Síbẹ̀, nígbà tó yá, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń jókòó sí ìlú àwọn ọba aládé ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní Ìjàyè, ọ̀rọ̀ ẹnu Kúrunmí ni òfin. Àwọn míṣọ́nnárì tó gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláṣẹ tó le ni. Òun kan náà ló gba Thomas Bowen ti ìjọ wa láyè ní nǹkan bí 1853, tó tún gba Adolphus Mann ti CMS. A máa ń dúpẹ́ fún èyí nínú ìjọ, ó sì yẹ ká dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsìn àwọn baba rẹ̀ ni Kúrunmí ń sìn títí ó fi kú.

Oyè rẹ̀ ti Ọ̀yọ́ wá, agbára rẹ̀ ti ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Ibi tí ìṣòro wà nìyẹn, kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ló ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn ará Pátíà jọba láti nǹkan bí ọdún 247 ṣáájú ìbí Jésù títí di ọdún 224 lẹ́yìn ìbí rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó kárí Ìráànì àti apá tó pọ̀ nínú Ìráàkì òde òní. Olú ọba wọn ń pe ara rẹ̀ ní ọba àwọn ọba, òótọ́ sì ni, nítorí àwọn ọba wà lábẹ́ rẹ̀: ọba Adiabene, ti Osroene, ti Characene, ti Elymais, ti Persis. Wọ́n ní ààfin tiwọn, àwọn mìíràn nínú wọn ń rọ owó tó ní orí tiwọn lára. Ìyàtọ̀ wà láàárín wọn àti olú ọba nínú ohun tí wọ́n lè dé, àní nínú ibùsùn tí wọ́n lè sùn lé. Josephus, òǹkọ̀tàn Júù, sọ ìtàn Izates, ọba Adiabene, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Arbela, èyí tí à ń pè ní Erbil lónìí. Wọ́n lé olú ọba Artabanus kúrò lórí ìtẹ́, ó sá wá sọ́dọ̀ Izates. Izates gbà á, ó bọ̀wọ̀ fún un, ó sì bá a ṣe é títí tó fi padà sórí ìtẹ́. Ẹ̀bùn tí Artabanus fi san oore náà ni pé Izates lè dé fìlà ọba rẹ̀ ní òró, kí ó sì máa sùn lórí ibùsùn wúrà, nǹkan méjì tó jẹ́ ti olú ọba nìkan. Ó fi ìlú Nisibis kún un.

Ẹ̀yin tó ń gbé àgbègbè Ìbàdàn ò ní fi ìyẹn ṣe ẹ̀rín. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi gbé adé fún ènìyàn 21 nílẹ̀ Ìbàdàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn ìjòyè àgbà àti àwọn baálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olúbàdàn ìgbà náà, Sàlíù Adétúnjí, kò fọwọ́ sí i. Nígbà tó di oṣù kìíní 2018, ilé-ẹjọ́ gíga fagi lé e. Láàárín oṣù díẹ̀ yẹn, mo rí bí àwọn ènìyàn ìgbèríko ò ṣe mọ bí wọn yóò ṣe kí baálẹ̀ wọn: ṣé ká dọ̀bálẹ̀ ká ní «Kábíyèsí», àbí ká kí i bí a ti ń kí i tẹ́lẹ̀? Gómìnà ló fún un ládé, Olúbàdàn ló fi í joyè. Àwọn kan ń sọ pé fìlà lásán ni wọ́n ń jà lé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé ni ẹni tí baálẹ̀ náà yóò jíhìn fún bí ọ̀rọ̀ bá le.

Ọ̀rọ̀ le fún Kúrunmí nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà Ọ̀yọ́ nígbà náà ni pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a kú, nítorí pé ó ti bá bàbá rẹ̀ jẹ ayé ọba. Àtìbà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Adélù ọmọ rẹ̀. Kó tó kú, ó ti bá àwọn alágbára sọ ọ́ pé Adélù ni kó jọba. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kọ̀. Ó ní òun ò ní wárí fún Àrẹ̀mọ tó yẹ kó ti bá bàbá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin olówó kan tó ń jẹ́ Àbú kú ní Ìjànná láì ní àrólé. Irú ogún bẹ́ẹ̀, ti Aláàfin ni. Adélù ránṣẹ́ lọ kó o, àwọn ọmọ ogun Ìjàyè sì dá àwọn ìránṣẹ́ náà lọ́nà. Ìtàn sọ pé wọ́n gbé ère ìbejì àti ọta ìbọn wá síwájú Kúrunmí kó mú èyí tó bá wù ú, àlàáfíà tàbí ogun, ọta ìbọn ló sì mú. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ogun náà. Ó jà á nígbẹ̀yìn, àtòun àti Ògúnmọ́lá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí ní kíláàsì ọjọ́ ìsinmi, níbi tí a ti ń ka Róòmù orí 13, pé ṣé Kúrunmí ò ṣẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù báyìí. Bí àṣẹ gbogbo bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, tí Aláàfin sì ni aláṣẹ rẹ̀, kí ló ń bá a jà sí? Àwọn yòókù ti ń mi orí. Èmi ò lè mi tèmi.

Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí Kúrunmí gba oyè Kakaǹfò, kì í ṣe òun àti Àtìbà nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Ẹni méjì kì í mulẹ̀ kó jẹ́ pé àwọn méjì nìkan ni. Ilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kẹta wọn, ẹni tó bá sì dalẹ̀, Ilẹ̀ ni yóò mú un, ì báà ṣe ọba. Ọmọ ìjọ ni mí, Ọlọ́run ni mo fi sí ipò ẹ̀kẹta yẹn, ṣùgbọ́n ìrònú náà ò yí padà. Olú ọba àti ọba tó wà lábẹ́ rẹ̀ jọ wà lábẹ́ ohun kan ni. Bí olú ọba bá wá sọ pé òun yóò yọ èyí tí òun ò fẹ́ kúrò nínú àṣà, tí òun yóò sì fi èyí tó ń mú àwọn ènìyàn foríbalẹ̀ fún òun sílẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé: kí ló kù tí mo fi ń sìn ọ́? Ìbéèrè yẹn ni Kúrunmí béèrè. Ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Nínú gbogbo àwọn alágbára ìgbà náà, òun nìkan ni mo rí tó béèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tìtorí rẹ̀ kọ̀. Ó fẹ́ kí ènìyàn kan kú. Adélù, ẹ̀mí rẹ̀ ni àṣà náà ń béèrè fún, kì í ṣe màlúù, kì í ṣe ọtí. Àṣà ọ̀hún pàápàá, Samuel Johnson jẹ́ kó yé wa pé kì í ṣe bó ṣe rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Ní ayé àtijọ́, Àrẹ̀mọ ló ń jọba tẹ̀lé bàbá rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń fura pé àwọn Àrẹ̀mọ ń yára rán bàbá wọn lọ sọ́run ni wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n máa bá wọn kú. Ohun tí Kúrunmí ń pè ní àṣà àwọn baba, àwọn baba kan ló yí nǹkan padà kó tó di àṣà. Bí àwọn yẹn bá lè yí i sí ikú, èéṣe tí Àtìbà ò fi lè yí i padà sí ìyè? Mo gbà pé Àtìbà ń ro ti ọmọ rẹ̀ nìkan. Síbẹ̀, ẹ̀mí tó bọ́, ó bọ́.

Ní tèmi, Kúrunmí tọ̀nà nípa ẹ̀tọ́ tó ní láti kọ̀, kò tọ̀nà nípa ohun tó kọ̀ fún. Inú mi kì í dùn bí àwọn ènìyàn wa ní Ìjàyè bá ń yìn ín bí akọni lásán, inú mi kì í sì í dùn bí àwọn ará Ìbàdàn bá ń pè é ní ọlọ̀tẹ̀.

Izates kọ̀ lọ́nà mìíràn. Òun àti Helena ìyá rẹ̀ ti gba ìsìn àwọn Júù. Olùkọ́ kan, Ananias, sọ fún un pé ó lè sin Ọlọ́run láì kọ ilà, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ má baà ṣọ̀tẹ̀. Eleazar dé láti Gálílì, ó ní bó bá mọ òfin tí kò ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Izates kọlà. Lẹ́yìn náà, Vardanes, olú ọba, fẹ́ kó bá òun gbógun ti Róòmù, ó kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìjòyè Izates kọ̀wé sí Vologases, olú ọba tuntun, pé kó wá fi ọba mìíràn jẹ fún àwọn. Vologases ní kó dá gbogbo ọlá tí Artabanus fún un padà, ó kó ogun dé, ó ní Ọlọ́run tí Izates ń sìn ò ní gbà á lọ́wọ́ òun. Izates da eérú sórí, òun, aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbààwẹ̀, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run. Ní òru kan náà, ìwé dé ọ̀dọ̀ Vologases pé àwọn Dahae àti Sacae ti ya wọ ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì padà.

Mo mọ̀ pé Ọlọ́run kì í dá ogun padà nígbà gbogbo. Ardashir, ọba Persis, kọ̀ fún olú ọba tirẹ̀ náà, idà ló fi kọ̀ ọ́, ó pa Artabanus ìkẹrin lójú ogun ní 224, òun fúnra rẹ̀ sì di ọba àwọn ọba. Bí a bá ní ẹni tó ṣẹ́gun ni Ọlọ́run wà lẹ́yìn rẹ̀, Ardashir tọ̀nà, Kúrunmí jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ sì parí. Mi ò lè fi ìyẹn kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń wò lára Izates ni ẹni tó fi sínú ewu kó tó kọ̀. Ara òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi lélẹ̀, nígbà tó kọlà tí gbogbo ìlú lè torí rẹ̀ yọ ọ́ lóyè.

Kúrunmí san tirẹ̀ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún ni ìtàn sọ pé ó ṣubú lójú ogun lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìbànújẹ́ bò ó, ó sì kú ní 1861, ogun ò tíì parí. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ti mú ọta ìbọn tán ló tó san án. Ìjàyè ṣubú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1862. Kó tó ṣubú, ebi ti pa ọ̀pọ̀, àwọn òbí ti ń fi ọmọ yáwó láti fi ra oúnjẹ. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ wa ń bọ́ àwọn ọmọ òrukàn nínú ìlú náà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Títí di òní, àdúgbò kan wà ní Abẹ́òkúta tó ń jẹ́ Ìjàyè, níbi tí àwọn tó sá àsálà tẹ̀dó sí.

Ohun tí mo fi dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lóhùn ni pé kò sí ọ̀kankan nínú àwọn obìnrin tó ń ta iyọ̀ lọ́jà Ìjàyè tí Kúrunmí bi léèrè bóyá ó fẹ́ kí Adélù kú. Ó ní ọba kì í bi obìnrin ọjà léèrè. Mo ní, bí ọba bá lè kọ̀ fún Aláàfin nítorí pé Aláàfin ò bi í léèrè, ó yẹ kó mọ bó ṣe ń dun ènìyàn.